Àdéhùn Gáàsì Wo Ni Kí A Fọwọ́ Sí? Ìfiwéra Ọjà Gáàsì Ayé fún Àwọn Oníléeṣẹ́ Kéékèèké ní Kábà

Ìwé àdéhùn méjì ni wọ́n gbé síwájú wa nígbà tí àwa oníléeṣẹ́ kéékèèké ní Kábà ṣe ìpàdé lóṣù tó kọjá. Èkíní wá láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan tí yóò máa fi ọkọ̀ tánkà gbé gáàsì wá bá wa. Ọdún márùn-ún ni àdéhùn náà, dọ́là ni wọ́n fi kọ iye rẹ̀, iye yìí yóò máa bá ọjà àgbáyé lọ sókè sódò, a ó sì máa sanwó ìwọ̀n kan lóṣooṣù yálà a lò ó tàbí a kò lò ó. Èkejì jẹ́ ti oṣù mẹ́ta mẹ́ta, náírà ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà lè yí iye rẹ̀ padà bí ó bá ti fún wa ní ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan. A kò ju mẹ́sàn-án lọ tí a jókòó: àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, àwọn tó ń yan kajú, ẹnì kan tó ní ilé ìtura, àwọn tó ń yan gààrí tí wọ́n ń kó lọ sí Àbújá, àti èmi tí mo ń bá wọn ṣírò owó.

Mama oníbúrẹ́dì, tí wọ́n dàgbà jù láàárín wa, ti ìwé méjèèjì sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní, “Ìwọ tí o mọ ìṣirò, èwo nínú wọn ni kò ní tì wá sínú gbèsè?” N kò lè dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo délé ni mo rántí pé kò sí gbólóhùn kan nínú ìwé méjèèjì tí orílẹ̀-èdè kan kò tíì fọwọ́ sí irú rẹ̀ rí, tí a sì lè wo ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ọjà gáàsì àwọn apá ayé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níhìn-ín, kí oníkálukú lè yan èyí tí àpò rẹ̀ lè gbé.

Gáàsì wo là ń sọ?

Ohun méjì tó yàtọ̀ ni gbogbo wa ń pè ní gáàsì. Gáàsì ìdáná tí a ń gbé sílíńdà lọ rọ jẹ́ propane àti butane. Bí a bá ti fún un pọ̀ díẹ̀ ni yóò di olómi, ohun tó jẹ́ kí sílíńdà lásán lè gbà á nìyẹn. Èyí tó ń gba inú ọ̀pá láti Oben ní ìpínlẹ̀ Ẹdó wá sí Ajáòkúta, tí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Geregu àti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Òbajànà ń lò, methane ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Methane kì í gbọ́ràn bẹ́ẹ̀. A lè fún un pọ̀ gidigidi sínú agolo irin tó nípọn, kí ó di CNG tí àwọn ọkọ̀ ń lò, tàbí kí a mú un tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 162 lábẹ́ òdo, kí ó di LNG, ìyẹn gáàsì olómi tí àyè tó ń gbà kò ju ìdá kan nínú 600 àyè tó ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ àbúrò mi kan béèrè bóyá wọ́n lè ya ọ̀nà kékeré lára ọ̀pá Òbajànà kí a máa rọ sílíńdà ilé níbẹ̀. Kò ṣeé ṣe: sílíńdà wa kò lè gbà á, ihò ẹnu sítóòfù wa kò sì bá a mu. Methane ni ìwé méjèèjì tó wà níwájú wa ń sọ.

Àwọn oníṣòwò gáàsì lágbàáyé kì í fi kìlógíráàmù ṣírò, ooru ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń pe ẹyọ rẹ̀ ní MMBtu. Ẹyọ ooru ni èmi yóò máa pè é. Ẹyọ kan tó ooru tó wà nínú gáàsì ìdáná bíi kìlógíráàmù 21 sí 22, ìyẹn sílíńdà 12.5 tó kún kan àti òmíràn tó kù bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí gbogbo iye tí mo bá dárúkọ láti ìsinsìnyí lọ, lórí ẹyọ ooru kan ni.

Ọ̀nà ló ni owó

Ẹni tó bá ti ra iṣu ní abúlé kan ní Bùnú lásìkò òjò, tó sì tún ra irú rẹ̀ ní Lọ́kọ́jà lọ́sẹ̀ kan náà, ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ. Iṣu kan náà ni, ọ̀nà ni kò rí bákan náà. Epo rọ̀bì rọrùn láti gbé kiri, ìdí nìyẹn tí iye rẹ̀ kì í fi yàtọ̀ púpọ̀ láti apá ayé kan sí èkejì. Gáàsì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀pá, àfi kí a kọ́ ilé iṣẹ́ tí yóò sọ ọ́ di olómi, kí a kan ọkọ̀ ojú omi tí inú rẹ̀ dà bí fìríìjì, kí a sì tún kọ́ èbúté tí yóò sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ padà ní ibi tó ń lọ. Ọkọ̀ òde òní kan lè gbé gáàsì olómi tó tó 174,000 mítà oníhà mẹ́ta, ooru inú rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ ẹyọ. Títí di òní, ayé kò ní ọjà gáàsì kan ṣoṣo. Mẹ́ta ló lókìkí jù, iye wọn sì lè jìnnà síra wọn bí ilẹ̀ ti jìnnà sí òkè.

Amẹ́ríkà: ọjà tí gáàsì ń bá gáàsì díje

Ní Amẹ́ríkà, ibi tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó dá iye ni Henry Hub, oríta ọ̀pá kan ní ìlú kékeré Erath ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Àwọn tó ń tà níbẹ̀ pọ̀, àwọn tó ń rà pọ̀, ọ̀pá pọ̀ bí ọ̀nà ẹsẹ̀ inú oko, kò sì sí ẹnì kan tó lè dá iye fún àwọn yòókù. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí ọgbọ́n wíwa gáàsì jáde láti inú àpáta shale ni gáàsì ti pọ̀ lọ́dọ̀ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí èbúté Sabine Pass, tí wọ́n kọ́ láti máa gba gáàsì wọlé, fi yí padà, tó sì kó ẹrù LNG àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní oṣù kejì ọdún 2016. Nígbà tó fi di ọdún 2023, Amẹ́ríkà ti di ẹni tó ń ta LNG sókè òkun jù lọ lágbàáyé. Ní ọdún 2024, iye Henry Hub kò ju dọ́là méjì àti díẹ̀ lọ.

Ẹ má tíì sọ pé irú ọjà yìí la fẹ́. Ní ìwọ̀ oòrùn Texas, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Waha, ọ̀pọ̀ ọjọ́ wà ní ọdún 2024 kan náà tí iye gáàsì wọ abẹ́ òdo, ìyẹn ni pé ẹni tó ní gáàsì ló ń sanwó fún ẹni tí yóò gbé e kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Gáàsì ń bá epo rọ̀bì jáde láti inú ilẹ̀, ọ̀pá tí yóò gbé e lọ kò sì tó. Ẹ wo orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, ọdún kan ṣoṣo, dọ́là méjì ní ìhín, ẹ̀bẹ̀ “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e” ní ọ̀hún. Ìdajì irè oko wa ní Bùnú mọ irú ẹ̀bẹ̀ yẹn.

Ohun kan wà nínú àdéhùn LNG àwọn ará Amẹ́ríkà tí mo fẹ́ kí a jí wò. Àwọn kan lára wọn máa ń ṣírò iye báyìí: ìdá 115 nínú ọgọ́rùn-ún iye Henry Hub, kí a wá fi owó iṣẹ́ tí kì í yí padà lé e. Oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun kò gbé ẹrù oṣù kan mọ́, bí ó bá ti sọ ọ́ lásìkò, owó iṣẹ́ nìkan ni yóò san. Nígbà tí àrùn Kòrónà dá iṣẹ́ dúró ní ọdún 2020, ẹ̀tọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ oníbàárà lò, wọ́n fagi lé ẹrù lẹ́yìn ẹrù, wọn kò sì jẹ gbèsè ju owó iṣẹ́ náà lọ. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín “san gbogbo rẹ̀ bí o kò tilẹ̀ lò ó” àti “san owó iṣẹ́ nìkan bí o kò bá lò ó”.

Yúróòpù: ẹni tó gbára lé ọ̀nà kan

TTF, ọjà gáàsì kan ní Nẹ́dálándì, ni Yúróòpù ń wò kí wọ́n tó dá iye. Ọjà gidi ni, ó sì gbòòrò, ṣùgbọ́n gáàsì tó ń wọ inú rẹ̀ kì í ṣe ti Yúróòpù fúnra rẹ̀ ló pọ̀ jù. Groningen, ibi gáàsì ńlá tí àwọn Nẹ́dálándì rí ní ọdún 1959, ti mú kí ilẹ̀ máa mì tìtì lábẹ́ ilé àwọn èèyàn, wọ́n sì dá wíwà rẹ̀ dúró ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ṣáájú ogun Ùkìréènì, ó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì tí àjọ Yúróòpù ń kó wọlé tó ń ti Rọ́ṣíà wá, púpọ̀ rẹ̀ láti inú ọ̀pá. Gáàsì ọ̀pá rọrùn, kì í dúró de ọkọ̀, kò béèrè fìríìjì. Àfi pé ọ̀pá kò ṣeé yí lójú padà bí àárín ẹni méjì bá dàrú.

Kì í ṣe Rọ́ṣíà nìkan ló kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí ìjà Àlìjéríà àti Mòrókò le ní ọdún 2021, Àlìjéríà kò fi gáàsì ránṣẹ́ mọ́ nínú ọ̀pá tó gba ilẹ̀ Mòrókò lọ sí Sípéènì. Ohun tó gba Sípéènì sílẹ̀ ni ọ̀pá kejì, Medgaz, tó gba abẹ́ òkun láti Àlìjéríà tààrà. Àwọn ọ̀nà mìíràn tí Jámánì ní kò tó láti rọ́pò ti Rọ́ṣíà. Bí ó ti tóbi tó nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, kò ní èbúté LNG kan ṣoṣo nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022. Rọ́ṣíà dín gáàsì kù díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìbúgbàù ba ọ̀pá Nord Stream jẹ́ nísàlẹ̀ òkun Baltic. Oṣù kejìlá ni Jámánì tó ṣí èbúté LNG àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Wilhelmshaven, ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tí wọ́n so mọ́ èbúté ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ká sòótọ́, ìyára wọn yani lẹ́nu. Àmọ́ iye tí wọ́n ti san kó tó di ìgbà náà yani lẹ́nu jù ú lọ.

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2022, iye TTF lé ní 300 yúrò lórí mẹ́gáwáàtì wákàtí kan. Bí a bá yí i sí ẹyọ ooru tiwa, ó ju 90 dọ́là lọ. Henry Hub lọ́sẹ̀ náà kò tó dọ́là mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ iye tó ga fún wọn lọ́hùn-ún nìyẹn. Ẹrù ọkọ̀ kan tí wọn ì bá rà ní mílíọ̀nù mẹ́wàá mẹ́wàá dọ́là di ohun tí wọ́n ń fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù rà. Ọdún méjì péré ṣáájú ìyẹn, ní àárín ọdún 2020, ẹyọ ooru kan ní TTF kò tó dọ́là méjì. Ọjà kan náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí a so búrẹ́dì Kábà mọ́ ìlà tó ń fò báyìí gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún wa.

Éṣíà: àdéhùn gígùn, àti ẹni tí kò ní í

Jàpáánì ni mo fẹ́ kí a wò pẹ́ jù, torí ọ̀rọ̀ wọn ló sún mọ́ tiwa. Wọn kò ní gáàsì tó, kò sí ọ̀pá kan tó wọlé sí wọn láti ilẹ̀ òkèèrè, ọkọ̀ ni ohun gbogbo ń bá wá. Láti ọdún 1969 tí ẹrù àkọ́kọ́ ti gúnlẹ̀ sí wọn láti Alaska ni wọ́n ti yan ìfọ̀kànbalẹ̀ ju ẹ̀dínwó lọ. Wọ́n máa ń fọwọ́ sí àdéhùn ogún ọdún. Wọ́n so iye gáàsì mọ́ iye epo rọ̀bì, wọ́n sì ń lo ìpíndọ́gba oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, kí iye má baà fò lójijì. Wọ́n tún gbà láti sanwó ìwọ̀n kan bí wọn kò tilẹ̀ gbé e.

Nígbà mìíràn àdéhùn yìí dùn wọ́n wọ egungun. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ àti àjálù Fukushima ní oṣù kẹta ọdún 2011, wọ́n pa àwọn ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì wọn, gáàsì ló sì rọ́pò rẹ̀. Epo rọ̀bì wọ́n nígbà náà. Ní ọdún 2012, Jàpáánì ń san bíi dọ́là 16 lórí ẹyọ ooru kan nígbà tí Henry Hub kò tó mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2022 tí JKM, iye tí Éṣíà ń wò fún ẹrù tí a rà lójú ẹsẹ̀, tẹ̀lé TTF fò lókè, àdéhùn ogún ọdún yẹn ló di agboòrùn. Èyí tó pọ̀ jù nínú gáàsì Jàpáánì kò bá iye ọjọ́ náà fò. Ọ̀kan tó burú ṣì wà níbẹ̀: àwọn tó ń tà máa ń kọ ọ́ pé oníbàárà kò gbọ́dọ̀ tún ẹrù náà tà fún ẹlòmíràn. Àjọ tó ń ṣọ́ ìdíje ọjà ní Jàpáánì bá òfin yìí wí ní ọdún 2017, pé ó lè lòdì sí òfin wọn.

Ṣáínà ní tirẹ̀ kò fi ara mọ́ ọ̀nà kan. Ó ń wa gáàsì tirẹ̀, ọ̀pá ń wọlé sí i láti àárín gbùngbùn Éṣíà, láti oṣù kejìlá ọdún 2019 sì ni ti Rọ́ṣíà náà ti ń wọlé, ó sì tún ń ra LNG. Olówó ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ilé búrẹ́dì.

Pàkísítáànì ni ìtàn tí mo kà tí oorun fi dá lójú mi, torí oníbàárà kékeré ni òun náà láàárín àwọn ńlá. Ó ní àdéhùn gígùn pẹ̀lú Kátárì, ó sì fi rírà lójú ẹsẹ̀ kún un, torí nígbà kan rí èyí ló dínwó. Ní ọdún 2022, Yúróòpù gbé àpò owó jáde, àwọn ọkọ̀ sì yí orí padà síbẹ̀. Ní oṣù keje, Pàkísítáànì pe àwọn oníṣòwò kí wọ́n wá dá iye lé ẹrù tó fẹ́ rà. Ẹnì kankan kò yọjú. Iná ń kú fún wákàtí púpọ̀ lóòjọ́ nínú oòrùn tó ń mú. Bàǹgíládéṣì, tí òun náà wà ní gúúsù Éṣíà, dá rírà lójú ẹsẹ̀ dúró lóṣù kan náà torí kò lówó rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ apá kejì: nígbà tó fi di ọdún 2025, àwọn ará Pàkísítáànì ti fi páánẹ́lì oòrùn sórí ilé wọn lọ́pọ̀ yanturu, gáàsì tí wọ́n nílò dín kù, ìjọba wọn sì ń bẹ Kátárì pé kí ó sún àwọn ẹrù kan síwájú, nítorí àdéhùn gígùn ní kí wọ́n sanwó rẹ̀ dandan. Láàárín ọdún mẹ́ta, orílẹ̀-èdè kan ti jẹ ìyà àìní àdéhùn tó, ó sì ti jẹ ìyà àdéhùn tó pọ̀ jù.

Ilé wa: Bonny, Ajáòkúta àti náírà

Gáàsì tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà lé ní 200 tírílíọ̀nù ẹsẹ̀ oníhà mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ NLNG ní erékùṣù Bonny, tó kó ẹrù àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1999, lè ṣe LNG mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 22 lọ́dún. Owó dọ́là ni gáàsì Bonny ń wò, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń gbé e lọ sí Sípéènì tàbí Éṣíà nígbà tí a ń ṣẹ́gi ní Ìjùmú.

Nílé, ọ̀nà mìíràn ni iye gbà. Lábẹ́ òfin epo ọdún 2021, NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà epo àti gáàsì nílé, ló ń kéde iye ìpìlẹ̀ gáàsì lọ́dọọdún. Fún ọdún 2025, dọ́là 2.13 ni fún ilé iṣẹ́ iná, dọ́là 2.63 sì ni fún àwọn oníṣòwò. Iye yìí kéré, ó tilẹ̀ sún mọ́ ti Henry Hub ọdún 2024. Kí ló wá dé tí ìwé tí wọ́n gbé wá fún wa fi ju èyí lọ ní ìlọ́po? Iye gáàsì kí ó tó rin ọ̀nà rárá ni àjọ yẹn ń kéde. Owó fífún gáàsì pọ̀ tàbí mímú un tutù, owó tánkà, owó dísẹ́ẹ̀lì tánkà náà, owó ihò ojú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ la ó fi lé e kí ó tó dé Kábà. Ọ̀pá tó lọ sí Òbajànà kò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀pá AKK tó bẹ̀rẹ̀ ní Ajáòkúta, tí wọ́n ṣí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2020, kọjú sí Kàdúná àti Kánò fún kìlómítà 614. Ó kẹ̀yìn sí wa. Ohun tó lè kàn wá ni àwọn ilé iṣẹ́ LNG kékeré márùn-ún tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ wọn lélẹ̀ ní Ajáòkúta ní oṣù kìíní ọdún 2025, torí gáàsì olómi tí tánkà kan lè gbé ju ìlọ́po méjì CNG inú tánkà tó tóbi bákan náà lọ. Ibi tó bá jìn ni LNG ti ń pa owó rẹ̀. Ibi tó sún mọ́, CNG ti tó.

Ọ̀rọ̀ dọ́là ló kù. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó pé ìdajì, dọ́là kan ń lọ ní bíi náírà 465 ní ọjà ìjọba. Ní ọdún 2024, ó ti dé bíi 1,500. Ká ní a ti fọwọ́ sí ìwé kan nígbà náà pé dọ́là mẹ́wàá ni ẹyọ ooru kan, náírà 4,650 ni à bá bẹ̀rẹ̀ sí í san, à bá sì máa san 15,000 láìpé ọdún kan, kí ọjà gáàsì àgbáyé tó mì rárá. Búrẹ́dì Mama kò lè di ìlọ́po mẹ́ta ní Kábà láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Àwọn ará Jàpáánì ń ta ọjà wọn fún gbogbo ayé, dọ́là ń wọlé fún wọn. Àwa ń ta ti wa ní ọjà Kábà àti ní Ìyàrá.

A sì tún gbọ́dọ̀ rántí ìkún omi oṣù kẹwàá ọdún 2022. Gbogbo wa la rí bí omi ṣe gba ọ̀nà Lọ́kọ́jà, tí tánkà tò sí ẹ̀gbẹ́ títì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìkún omi oṣù yẹn kan náà ló dí àwọn tó ń fi gáàsì ránṣẹ́ sí Bonny lọ́wọ́, tí NLNG fi kéde fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ohun tó ju agbára òun lọ ti ṣẹlẹ̀, òun kò lè pé iye ẹrù tí òun ṣèlérí. Gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé àkọ́kọ́ tiwa náà, ojú ewé kẹfà ni mo ti rí i. Ó dá ẹni tó ń tà láre bí omi bá gba ọ̀nà. Kò dá àwa láre bí iná ilé iṣẹ́ wa bá bàjẹ́.

Èwo ni kí a yàn?

Fún àwọn tó ń yan kajú, oṣù díẹ̀ láàárín ọdún ni iṣẹ́ wọn fi ń le. Àdéhùn ọdún márùn-ún tó ní kí a sanwó lóṣooṣù kò bá wọn mu rárá, ìtàn Pàkísítáànì ti ọdún 2025 ni yóò jẹ́ fún wọn. Ìwé kejì, ti oṣù mẹ́ta náírà, ló yẹ wọ́n, kí wọ́n sì fara mọ́ ewu pé iye lè gòkè lásìkò tí wọ́n nílò rẹ̀ jù.

Onílé ìtura lè máa lo gáàsì ìdáná inú sílíńdà títí a ó fi rí bí àwọn yòókù ti ṣe é. Ohun tó ń lò kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ fọwọ́ síwèé.

Àwọn oníbúrẹ́dì àti àwọn tó ń yan gààrí ni ọ̀rọ̀ náà le fún, torí ojoojúmọ́ ni ààrò wọn ń jó. Àdéhùn gígùn ni mo rò pé ó yẹ wọ́n, bí ti Jàpáánì, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ti kọ ọ́ wá. Ọdún méjì tó fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí a kọ iye rẹ̀ ní náírà. Bí oníṣòwò náà bá takú pé iye ìpìlẹ̀ gáàsì wà ní dọ́là, kí apá yẹn nìkan máa bá dọ́là lọ, kí owó tánkà àti owó iṣẹ́ wà ní náírà, kí a sì fi òté lé iye tí ó lè gòkè dé láàárín oṣù mẹ́ta. N kò rí ìdí kankan tí TTF tàbí JKM fi gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé gáàsì tó ti Ajáòkúta wá sí Kábà. Gáàsì náà kò ní rí òkun láyé. Dípò kí a san gbogbo rẹ̀ bí a kò bá lò ó, kí ó jẹ́ owó iṣẹ́ nìkan, bí ti àwọn oníbàárà Amẹ́ríkà. Kí a sì lè fi ohun tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn láàárín wa, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà.

Gbólóhùn “ohun tó ju agbára lọ” gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún tọ̀tún tòsì. Bí ọ̀nà Lọ́kọ́jà bá dí, kò sí ìjà. Bí ilé búrẹ́dì bá jóná tàbí àìsàn dá iṣẹ́ dúró, kí owó náà dúró pẹ̀lú.

Mo ka gbogbo èyí fún wọn ní ìpàdé kejì. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń yan gààrí bi mí pé ta ni yóò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa, àwa tí a kò pọ̀ tó tánkà kan lọ́sẹ̀. Ìbéèrè tó dára ni. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa bá lọ dá sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí yóò gbà á. Bí a bá para pọ̀ fọwọ́ sí ìwé kan, tí àwọn ilé búrẹ́dì Mopà àti Ìsánlú sì dara pọ̀, tánkà náà yóò ní ìdí láti gba ọ̀nà wa. A ti kọ àtúnṣe márùn-ún sí ìwé àkọ́kọ́, a ti dá a padà fún oníṣòwò náà, a sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ọmọ Mama ti fẹ́ wó ààrò onígi tó wà lẹ́yìn ilé kí àyè lè gba ti gáàsì. Mama ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀.